Bẹ́ ẹ ṣe lè ṣe ìjókòó kékeré àti ọpọ́n ayò síwájú ilé yín fún ará àdúgbò

Nǹkan tí mo fẹ́ ká ṣe yìí ò tóbi rárá. Bẹ́ǹṣì kan tó gba èèyàn mẹ́rin, ọpọ́n ayò oní-sìmẹ́ńtì kan níwájú ẹ̀, táyà méjì tàbí mẹ́ta tí ewé tútù wà nínú ẹ̀, iná sólà kékeré kan, ó tán. Gbogbo ẹ̀ ò gbà ju ibi tí wọ́n lè páàkì mọ́tò kan sí lọ. Ìta lójú títì ló máa wà o, kì í ṣe inú ọgbà, torí àwọn tó ń kọjá la ṣe é fún: ìyá tó ń bọ̀ látọjà tó fẹ́ sọ ẹrù kalẹ̀ kó mí, àwọn bàbá tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì tí wọn ò rí ibi jókòó sí nírọ̀lẹ́ ju pálọ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n, àwọn ọmọ tó ń dúró de bọ́ọ̀sì iléèwé wọn láàárọ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ èrò mi kíá kẹ́ ẹ tó náwó kankan. Nǹkan táwọn èèyàn bá ń lò ló máa ń pẹ́ níta. Tẹ́ ẹ bá gbé ère tàbí òdòdó olówó ńlá síbẹ̀ pé káwọn èèyàn kàn máa wò ó, kò ní pẹ́ tí àwọn tó ń kó àlòkù irin kiri á fi rí i, tàbí kí ẹnì kan fi mọ́tò gbá a kó sì máa lọ láìsẹ́ni tó máa bi í. Ṣùgbọ́n bẹ́ǹṣì tí bàbá ilé kejì ń jókòó sí lójoojúmọ́, tẹ́nì kan bá fọwọ́ kàn án lóru, bàbá yẹn fúnra ẹ̀ ló máa ṣí fèrèsé. Torí ẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo máa sọ nísàlẹ̀ yìí fi dá lórí ìlò, ẹwà ò kọ́kọ́ kàn wá.

Ẹ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó ra búlọ́ọ̀kù

Tó bá jẹ́ ayálégbé ni yín, ọ̀dọ̀ lánlọ́ọ̀dù lẹ máa kọ́kọ́ lọ, kódà kó jẹ́ pé lẹ́yìn gọ́tà lẹ fẹ́ gbé e sí, torí lójú tiẹ̀, iwájú ilé òun náà ni. Tó bá sì jẹ́ ẹ̀yin lẹ nilé, ẹ ṣì máa lọ sípàdé àwọn lánlọ́ọ̀dù, ẹ sọ ọ́ níbẹ̀ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé wọn. Ẹ má fi WhatsApp nìkan ṣe é o. Àgbàlagbà tó bá ka irú nǹkan báyẹn lórí fóònù á rò pé ẹ ti pinnu tán, ẹ kàn ń fi tó òun létí ni, ó sì lè torí ìyẹn nìkan kọ̀. Ẹ tọ̀ wọ́n lọ sílé, ẹ kí wọn dáadáa, kẹ́ ẹ wá sọ ọ́ bí ẹni tó ń wá ìmọ̀ràn: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà, ẹ kú ìsinmi. Nǹkan kan ló wà lọ́kàn mi tí mo ní kí n kọ́kọ́ fi lọ̀ yín. Àyè tó wà níwájú ilé wa yẹn, mo fẹ́ ṣe ìjókòó síbẹ̀ táwọn èèyàn á ti máa gba atẹ́gùn nírọ̀lẹ́. Apá ibo lẹ rò pó máa dáa jù, Daddy?" Ṣẹ́ ẹ rí ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yẹn, ẹ ò bi wọ́n bóyá wọ́n gbà, ibi tó máa wà lẹ bi wọ́n. Kí wọ́n tó fọwọ́ júwe ibì kan fún yín tán, ó ti di iṣẹ́ tiwọn náà.

Àwọn kan máa bi yín pé ta lá máa gbá a, ta ló sì máa lé àwọn tó ń fagbó kúrò níbẹ̀. Ìbéèrè gidi ni, ẹ má bínú sí i, ẹ múra ìdáhùn dání.

Ẹni kejì tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ bá sọ̀rọ̀ ni ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù tó súnmọ́ ibẹ̀ jù, yálà ìyá alákàrà ni o, tàbí télọ̀, tàbí ìyá tó ń ta bùrẹ́dì àti ọṣẹ. Tí wọ́n bá rò pé bẹ́ǹṣì yẹn máa bo ọjà àwọn lójú, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Tí wọ́n bá sì rí i pé àwọn tó bá jókòó síbẹ̀ á máa ra omi àti mínírà lọ́wọ́ àwọn, àwọn gan-an ló máa di ọ̀gá níbẹ̀, àwọn ló máa bá yín tọ́jú ọmọ ayò, àwọn náà ló máa pariwo mọ́ ẹni tó bá fẹ́ yí táyà lọ. Ojú ìyá kan tó ń tajà látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ju kámẹ́rà lọ, mi ò ṣàwàdà.

Ibi tó máa wà

Ẹ má gbé nǹkan kan sórí gọ́tà. Mo mọ̀ pé sílábù orí gọ́tà ló máa ń wọ̀ wá lójú, ó ti le nílẹ̀, ó ti tẹ́jú, àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ kó ìdọ̀tí gọ́tà ni wọ́n máa hú u, tójò bá sì rọ̀ tí omi ò rọ́nà lọ, orúkọ yín ni wọ́n máa pè. L'Ékòó pàápàá, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sọ́rọ̀ àyíká kì í fojúure wo nǹkan tó bá jókòó sọ́nà omi, wíwó ni wọ́n máa wó o. N'Íbàdàn ńkọ́, ẹni tó bá gbọ́ ìtàn omíyalé Ògùnpa tó ṣẹlẹ̀ lóṣù kẹjọ ọdún 1980 mọ̀ pé kéèyàn dí ọ̀nà omi kì í ṣe eré rárá. Kẹ́ ẹ tó pinnu, ẹ jẹ́ kí òjò ńlá kan rọ̀, kẹ́ ẹ jáde lọ wo ibi tómi ń gbà àti ibi tó ń dúró sí. Ibi tómi bá dúró sí, ẹ gbàgbé ibẹ̀.

Lẹ́yìn omi, oòrùn ló kàn. Ẹ lọ dúró síbẹ̀ láago mẹ́ta ọ̀sán, kẹ́ ẹ tún padà lọ láago márùn-ún, ẹ wo bí ìbòòji ṣe ń rìn. Tí ilé tàbí fẹ́ǹsì gíga bá wà lápá ìwọ̀ oòrùn ibẹ̀, ìbòòji ẹ̀ á máa bọ́ sórí bẹ́ǹṣì yẹn nírọ̀lẹ́ tí àwọn èèyàn fẹ́ jókòó, ìyẹn ló dáa jù. Tí igi bá wà, a ò wá nǹkan mìíràn. Igi fúrúùtù ni èmi fẹ́ràn jù, ẹ̀ka ẹ̀ máa ń tẹ́ gbalasa, abẹ́ ẹ̀ sì tutù, àfi pé ewé ẹ̀ máa ń wọ́ púpọ̀ lásìkò ọyẹ́, ẹ máa gbálẹ̀ títí á fi sú yín. Abẹ́ máńgòrò náà dùn, ṣùgbọ́n tó bá ti di ìgbà tí máńgòrò ń so, òkò àwọn ọmọdé lẹ máa máa yẹ̀ fún.

Ẹ sá fún ìsàlẹ̀ wáyà iná, ẹ sá fún ẹ̀gbẹ́ tíráńsífọ́mà, ẹ sá fún kọ́nà tí ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Màrúwá ti máa ń ṣẹ́rí lójijì. Ẹ fi àyè ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó sí bẹ́ǹṣì àti ojú títì, kí ẹni tó rẹrù tàbí ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ arọ lè kọjá láìsọ̀kalẹ̀ sọ́nà mọ́tò. Tí àyè yìí ò bá sí, ẹ ṣe ọpọ́n ayò nìkan láìsí bẹ́ǹṣì, tàbí táyà òdòdó kan péré, kò sí dandan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílùú òyìnbó, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀ díẹ̀. Ní London, ti káńsù ni ẹ̀bá títì, ẹ ò lè da kọnkéré síbẹ̀ láìgbàṣẹ. L'Amẹ́ríkà, koríko tó wà láàárín ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti títì, ẹ̀yin lẹ máa ń gé e lóòótọ́ àmọ́ ìlú ló sábà máa ń láṣẹ lórí ẹ̀. Torí náà ẹ fi ṣe inú fẹ́ǹsì yín, kẹ́ ẹ kọjú ẹ̀ síta. Àpótí ìwé, tẹ́ni tó ń kọjá ti lè mú ìwé kà kó sì fi òmíràn síbẹ̀, ni wọ́n sábà máa ń ṣe lọ́hùn-ún, Todd Bol ló ṣe ọ̀kan bí iléèwé kékeré síwájú ilé ẹ̀ ní Hudson, ní Wisconsin, lọ́dún 2009, láti fi rántí ìyá ẹ̀ tó jẹ́ tíṣà, ibẹ̀ ni Little Free Library ti bẹ̀rẹ̀ tó wá di káríayé. Àwa jókòó lójú ọ̀nà nílé tiwa jù bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ǹṣì ló yá.

Ẹrù tẹ́ ẹ máa kó jọ

Búlọ́ọ̀kù oní-ínṣì 9 mẹ́wàá. Sìmẹ́ńtì àpò kan àbọ̀ (ẹ lè ra àpò kan kẹ́ ẹ wá ra ìyókù ní pẹ́ńtì-pẹ́ńtì lọ́wọ́ àwọn tó ń já a tà). Yanrìn ṣápù hẹ́ẹ̀dì páànù mẹ́jọ, òkúta wẹ́wẹ́ hẹ́ẹ̀dì páànù méjìlá. Pákó 2 by 12 kan tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, àti 2 by 4 ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà (ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà náà lẹ máa gé lára 2 by 12 yẹn fún bẹ́ǹṣì). Bọ́ọ̀tì gígùn mẹ́jọ tẹ́ ẹ máa ní kí wẹ́dà bá yín ṣe láti ara irin oní-mílímítà 12, kí ẹnu ẹ̀ ní ìlà tí nọ́ọ̀tì lè wọ̀, kí ìdí ẹ̀ sì tẹ̀ kọdọrọ bí ìkọ́.

Búlọ́ọ̀kù kọ́ ni gbogbo búlọ́ọ̀kù o. Àwọn tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà, òmíràn wà tí yanrìn pọ̀ nínú ẹ̀ tí sìmẹ́ńtì kàn gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ha á lára, tó bá ń ya dà sílẹ̀ bíi gàrí, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Tó bá jẹ́ pé ó kàn ní ìlà tín-ín-rín, ẹ sanwó.

Pákó ńkọ́? Òpepe ni màá sọ pé kẹ́ ẹ rà, tàbí apá, tàbí ìrókò tówó bá wà. Àfàrà fúyẹ́, ó rọrùn ún gé, owó ẹ̀ ò sì pọ̀, ṣùgbọ́n ìta kọ́ ni tiẹ̀, ìkán àti òjò máa pín in mọ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá wà n'Íbàdàn, ẹ lọ sọ́jà pákó ní Bódìjà, ẹ ní kí wọ́n fi mọ́ṣíìnì họ ojú ẹ̀ kó dán kẹ́ ẹ tó gbé e kúrò níbẹ̀, torí ẹ̀gún igi tó bá gún ìyá kan nídìí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ti tán nìyẹn, wọn ò ní jókòó síbẹ̀ mọ́ láyé.

Ọ̀pọ̀ kápẹ́ńtà máa sọ fún yín pé kẹ́ ẹ fi ọ́ìlì kóńdẹ́ẹ̀mù tí mẹkáníìkì yọ lára mọ́tò kùn ún nítorí ìkán. Fún òpó fẹ́ǹsì, kò burú. Fún ibi táwọn èèyàn máa fi aṣọ funfun jókòó sí lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ àti Sọ́ńdè, ẹ jọ̀ọ́. Solignum, oògùn ìkán tí wọ́n ń fi kun igi, ni kẹ́ ẹ fi kun abẹ́ pákó náà àti orí ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, kẹ́ ẹ wá fi fáníìṣì tàbí ọ̀dà gílọ́ọ̀sì bò ó.

Bẹ́ǹṣì gan-an

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kẹ́ ẹ ṣe iṣẹ́ sìmẹ́ńtì yìí, láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, kẹ́ ẹ wá dúró de òjò fún ewé gbígbìn.

Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ ibi tí ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì mẹ́ta máa wà, kó jìn ní ínṣì 5. Ẹ da kọnkéré ínṣì 2 sísàlẹ̀ (sìmẹ́ńtì kan, yanrìn méjì, òkúta mẹ́rin), kẹ́ ẹ wá to búlọ́ọ̀kù méjì-méjì léra wọn lórí ẹ̀, kí ibi tó gùn lára búlọ́ọ̀kù lọ láti iwájú sẹ́yìn. Ìdí tí mo fi ní ínṣì 5 ni pé búlọ́ọ̀kù méjì jẹ́ ínṣì 18, pákó jẹ́ 2, tẹ́ ẹ bá gbé e sórí ilẹ̀ lásán ó máa di 20, ẹsẹ̀ àwọn tí ò ga á máa fì lókè. Tí ínṣì 3 nínú ẹ̀ bá ti wọlẹ̀, ìjókòó yẹn á ku 17, àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn lè jókòó kó sì dìde láìpe ẹnikẹ́ni. Wíwọlẹ̀ yẹn náà ni ò ní jẹ́ kó ṣubú tí ọmọdé bá gun un.

Ẹsẹ̀ méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fi ínṣì 6 sílẹ̀ sí etí pákó, ìkẹta wà láàárín. Ẹ na okùn láti èyí àkọ́kọ́ dé ìgbẹ̀yìn kẹ́ ẹ rí i pé wọ́n wà lórí ìlà kan náà, tẹ́ ò bá ní lẹ́fẹ́ẹ̀lì, ẹ bu omi ààbọ̀ sínú ìgò, ẹ dé e, ẹ dùbúlẹ̀ ẹ̀ sórí pákó, omi yẹn máa sọ òótọ́ fún yín.

Lẹ́yìn náà ẹ da kọnkéré kún ihò búlọ́ọ̀kù, kẹ́ ẹ ki bọ́ọ̀tì bọ̀ ọ́ nígbà tó ṣì tutù, ọ̀kan síwájú ọ̀kan sẹ́yìn, kí ẹnu ẹ̀ yọ jáde bí ínṣì kan àbọ̀. Ẹ wọn ibi tí pákó fífẹ̀ àti pákó tín-ín-rín máa dúró sí kẹ́ ẹ tó ki bọ́ọ̀tì, kì í ṣe lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ fi àlàfo ìka ọwọ́ kan sílẹ̀ láàárín pákó méjèèjì kómi òjò lè máa jò kọjá. Tí kọnkéré bá ti gan, ẹ lu pákó níhò, ẹ gbẹ́ ojú ihò náà kí nọ́ọ̀tì rì sínú ẹ̀ kó má baà máa fa aṣọ ya, ẹ dè é le, kẹ́ ẹ wá fi òòlù lu ẹnu bọ́ọ̀tì yẹn kó wú. Nọ́ọ̀tì náà ò ní tú mọ́ láìjẹ́ pé wọ́n fi ayùn irin gé e, ẹni tó fẹ́ jí pákó kì í sì í fẹ́ ariwo ayùn irin lóru.

Ẹ máa bu omi sí kọnkéré yẹn láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ kó ẹ̀ka igi lé bẹ́ǹṣì lórí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á ti jókòó kẹ́ ẹ tó yíjú padà.

Ọpọ́n ayò

Ibi tó dùn jù nìyí. Ọpọ́n onígi dáa nínú ilé, níta wọ́n máa gbé e ni, tàbí kí oòrùn là á. Ẹ fi sìmẹ́ńtì ṣe é.

Ẹ kan férémù pákó tó gùn ní ínṣì 26, tó fẹ̀ ní 10, tó jìn ní 4. Ẹ wá abọ́ ike kékeré méjìlá tí ẹnu wọn fẹ̀ tó ínṣì 3, èyí tí ìdí ẹ̀ rí róbótó, ẹ fi òróró pa wọ́n lára dáadáa. Ẹ po kọnkéré tí òkúta ẹ̀ kéré gan-an, ẹ dà á sínú férémù dé ibi tó kù díẹ̀ kó kún, kẹ́ ẹ fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì sáàárín ẹ̀ kó má baà kán. Kẹ́ ẹ wá tẹ abọ́ wọ̀nyẹn wọnú ẹ̀, mẹ́fà lápá ọ̀hún, mẹ́fà lápá ibí, kí wọ́n jìn tó ínṣì 2, ẹ fi òkúta sínú abọ́ kọ̀ọ̀kan kó má baà léfòó. Tó bá di ọjọ́ kejì, ẹ yọ abọ́ kúrò, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó bá gan tán ó máa fọ́ etí ihò lọ ni.

Nǹkan kan wà táwọn tó ń fi sìmẹ́ńtì ṣe ọpọ́n níta kì í rántí: òjò. Ihò méjìlá tí omi wà nínú ẹ̀, ilé ẹ̀fọn ni, omi tó bá dúró tó ọ̀sẹ̀ kan ti tó kí ẹyin ẹ̀fọn fi di ẹ̀fọn. Torí náà, kẹ́ ẹ tó da kọnkéré, ẹ mú ike bíró méjìlá tẹ́ ẹ ti yọ ìnkì inú ẹ̀, ẹ gbé wọn dúró sí ibi tí àárín ihò kọ̀ọ̀kan máa wà, kẹ́ ẹ lu ìdí abọ́ kí wọ́n lè wọ ojú ike yẹn. Tẹ́ ẹ bá yọ abọ́ tán, ẹ gé ike tó bá yọ sókè kó bá ìdí ihò dọ́gba. Omi á máa gba inú ẹ̀ jáde nísàlẹ̀, ọmọ ayò ò sì lè já bọ́ torí ó tóbi ju ojú bíró lọ. Tẹ́ ẹ bá sì gbé ọpọ́n yẹn kalẹ̀, ẹ jẹ́ kí ojú búlọ́ọ̀kù tó gbé e ní ọ̀nà tómi lè gbà jáde, ẹ má fi sìmẹ́ńtì lẹ̀ ẹ́ pa pátápátá, igun mẹ́rin ti tó.

Búlọ́ọ̀kù méjì tẹ́ ẹ tò léra ló máa gbé ọpọ́n náà, níwájú etí kan bẹ́ǹṣì, kí ẹni tó jókòó sí bẹ́ǹṣì wà lápá kan, kẹ́ ẹ sì fi búlọ́ọ̀kù méjì tó kù ṣe àpótí ìjókòó fún ẹni kejì ní òdìkejì, ẹ gé ínṣì 20 lára pákó 2 by 12 tó ṣẹ́kù lé e. Bọ́ọ̀tì méjì tó kù, ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ.

Ọmọ ayò 48 ni, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, ẹ ra bíi 60 torí pé àwọn ọmọdé á kó díẹ̀ lọ, kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ ṣe é. Ẹ kó wọn sínú agolo mílíìkì kẹ́ ẹ fún ìyá onísọ́ọ̀bù, ẹni tó bá fẹ́ ta ayò á lọ gbà á lọ́wọ́ wọn, á sì dá a padà. Kò sí ẹni tẹ́ ẹ máa kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń ṣe ìyókù: ọ̀ta (ẹni tó mọ ayò ta jù) máa fara hàn láàárín ọjọ́ díẹ̀, á sọ ara ẹ̀ di ọba ibẹ̀, ọ̀pẹ (ẹni tí ò mọ̀ ọ́n ta) náà á máa padà wá jìyà, àwọn tó ń wòran ló sì máa pariwo jù. Tó bá jẹ́ pé àdúgbò àwọn mẹkáníìkì àti ọlọ́kadà ni tiyín, díráàfù lè yá wọn lára jù, ìyẹn ò nílò ju ojú sìmẹ́ńtì tó tẹ́jú lọ, ẹ fa ilé mẹ́wàá lọ́nà mẹ́wàá, ẹ fi ọ̀dà méjì kùn ún, kọ́kì mínírà ogún-ogún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ewé

Ẹ bẹ fọ́kánáísà, táyà àlòkù ò wọ́n wọn, inú wọn á tiẹ̀ dùn pé ẹ bá àwọn kó o kúrò. Ẹ fi ọ̀bẹ tó mú gé etí òkè ẹ̀ kúrò, ẹ sì lu ihò púpọ̀ sí etí ìsàlẹ̀, nítorí ẹ̀fọn náà ni, inú táyà ló fẹ́ràn jù. Òkúta wẹ́wẹ́ díẹ̀ nísàlẹ̀, ilẹ̀ dúdú, ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà dáadáa. Tútù ẹ̀ máa jó gbòǹgbò, á sì máa rùn débi tẹ́nikẹ́ni ò ní jókòó.

Pèrègún ni mo máa fi síwájú gbogbo wọn, ẹ kàn máa gé ẹ̀ka ẹ̀ gún ilẹ̀ ni lóṣù kẹrin, ó ti yè. Ewúro náà bẹ́ẹ̀. Ẹfinrin àti ewé tíì nílò omi díẹ̀ sí i níbẹ̀rẹ̀. Ìdí tí mo fi ń pe ewé tí wọ́n ń jẹ ni pé ìyàwó ilé tó bá já ẹfinrin níbẹ̀ lánàá fún ọbẹ̀ ẹja, á bu omi sí i lónìí láìjẹ́ pé ẹ sọ fún un. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé títì tí mọ́tò ń gbà púpọ̀ ni, tí èéfín pọ̀, ẹ má gbin nǹkan jíjẹ síbẹ̀, ẹ fi mọ sí pèrègún. Lápálápá tí wọ́n fi ń ṣe ọgbà, ẹ má gbìn ín níbi tọ́mọdé ń ṣeré, májèlé ló wà nínú èso ẹ̀, ó sì jọ nǹkan jíjẹ lójú ọmọ. Bougainvillea lẹ́wà o, ẹ̀gún ẹ̀ ò ní jẹ́ kí wọ́n gbádùn.

Ewúrẹ́ àdúgbò ni ọ̀tá yín títí oṣù méjì àkọ́kọ́. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì tàbí ẹ̀ka ẹlẹ́gùn-ún yí táyà ká títí ewé á fi dàgbà. Ẹ má wulẹ̀ bá olówó ewúrẹ́ jà, bẹ́ǹṣì àlàáfíà lẹ ń ṣe.

Àmù omi, tó bá wù yín

Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń gbé àmù síbi tí èrò ń kọjá kẹ́ni tí òùngbẹ ń gbẹ lè bu mu, omi inú ẹ̀ sì máa ń tutù nini láìsí fíríìjì torí pé omi ń rìn díẹ̀díẹ̀ gba ara amọ̀ jáde, atẹ́gùn wá ń gbé e lọ, òun ló ń gba ooru kúrò. Ó wuyì púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìfẹ́ àṣà pa èèyàn. Tẹ́ ẹ bá máa ṣe é, kó ní ìdérí tó ṣe é tì, kó ní ẹ̀rọ kékeré nísàlẹ̀ tí wọ́n á máa ṣí, kí ẹnikẹ́ni má ki ife bọ inú ẹ̀, kí kálukú mú ife tiẹ̀ wá. Kó jẹ́ omi sísè. Álọ́ọ̀mù máa ń mú kí omi mọ́ lójú ni, kì í pa kòkòrò àìsàn. Ẹ máa dà á nù kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ méjì-méjì, tí wọ́n bá sì ti ń pariwo kọ́lẹ́rà nílùú, ẹ gbé e wọlé. Tẹ́ ò bá lè ṣe gbogbo èyí, ìyá onísọ́ọ̀bù ń ta omi níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí tà.

Ẹwà ẹ̀

Ẹ lọ bá àwọn tó ń lẹ táìsì, ẹ tọrọ àfọ́kù. Ẹ fi sìmẹ́ńtì tín-ín-rín lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ búlọ́ọ̀kù, kẹ́ ẹ fi òkúta ìlọ̀bẹ pa etí rẹ̀ tó mú. Táyà, gílọ́ọ̀sì ni kẹ́ ẹ fi kùn ún, èmọ́ṣọ̀n máa ṣí lára ẹ̀ lójò kejì. Tọ́wọ́ yín bá dá ṣáṣá, ẹ gé bátànì àdìrẹ bíi Ìbàdándùn tàbí Olókun sára páálí kẹ́ ẹ fi fóòmù tẹ ọ̀dà gba inú ẹ̀ kọjá sára ògiri ẹ̀yìn bẹ́ǹṣì. Ẹ sì bi bíríkìlà tẹ́ ẹ pè bóyá ó lè fọwọ́ mọ nǹkan sí i. Ẹ má fojú kéré wọn, bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí l'Óṣogbo kó tó di olórúkọ nídìí iṣẹ́ ọnà, sìmẹ́ńtì yìí kan náà ló fi ń ṣe é, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ wà nínú Igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO kọ mọ́ ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005.

Ohun tẹ́ ò gbọ́dọ̀ kọ síbẹ̀: orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú, orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, àti orúkọ tiyín. Tí wọ́n bá ti rí "Donated by" báyìí, ti ẹni yẹn ni, wọn ò ní gbá a.

Iná àti àsìkò

Iná sólà kan tó ń tàn fúnra ẹ̀ tílẹ̀ bá ṣú ti tó, ẹ gbé e sókè lára fẹ́ǹsì yín níbi tọ́wọ́ ò tó, ẹ fi ṣọnṣọ irin dè é. Iná yẹn á tún ran obìnrin tó ń dá bọ̀ láti ibi iṣẹ́ lọ́wọ́. Àwọn tó ń fagbó ò fẹ́ràn ìmọ́lẹ̀, ìdáhùn apá kan ìbéèrè àwọn lánlọ́ọ̀dù nìyẹn. Apá kejì ni àsìkò: ẹ fẹnu kò sí aago kan, mẹ́wàá alẹ́ dáa, tó bá lù, kí wọ́n kó ọmọ ayò padà, kẹ́lẹ́nu gbé ẹnu ẹ̀ lọlé. Ẹ gbé garawa ìdọ̀tí kan síbẹ̀ pẹ̀lú, kó ní ihò nídìí, kó má baà wu ẹnikẹ́ni gbé lọ pọn omi.

Ìtọ́jú

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún, ẹ tún pákó kùn. Ẹ máa wo abẹ́ bẹ́ǹṣì lóṣooṣù, tẹ́ ẹ bá rí ọ̀nà amọ̀ tín-ín-rín tó ń gun búlọ́ọ̀kù lọ sókè, ìkán ti ń bọ̀, ẹ họ ọ́ dànù kẹ́ ẹ da Solignum síbẹ̀. Ẹ máa ki wáyà bọ ihò bíró ọpọ́n ayò, ewé àti yanrìn máa ń dí i.

Tí ìjọba bá wá fẹ́ fẹ títì tàbí gbẹ́ gọ́tà tuntun tí wọ́n sì fi àmì pupa sára bẹ́ǹṣì yín, ẹ má bá wọn fa wàhálà. Ẹ fi ayùn irin gé orí bọ́ọ̀tì, ẹ gbé pákó wọlé, ẹ ní káwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin bá yín gbé ọpọ́n sínú ọgbà. Búlọ́ọ̀kù mẹ́wàá ni wọ́n máa wó, òun náà ni ò sì wọ́n jù nínú gbogbo ẹ̀.